Ọ̀gá Ẹ̀rí àti Ẹ̀kọ́ Inú Fọ́tò

Ọ̀gá kan wà, bó bá dìde lórí àga, ọ̀gá náà ló ṣì ń jẹ́. Òmíràn wà, àga gan-an ni ọ̀gá. Ẹni tó jókòó sórí rẹ̀ kàn ń bá a wọṣọ ni. Irú kejì yìí ni ọkùnrin tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀. Ẹ fara balẹ̀. Kò sí ẹkún nínú rẹ̀, àfi ti Igbákejì, ẹkún tiẹ̀ kì í sì í ká ẹnikẹ́ni lára.

Ọkùnrin yìí ni Ọ̀gá Àgbà fún gbogbo ilé-ìwé ìjọba ìlú náà. Ọ̀gá Ẹ̀rí làwọn tíṣà ń pè é lẹ́yìn. Níwájú rẹ̀, orúkọ rẹ̀ gùn ju bẹ́ẹ̀ lọ. Tó bá wọ ọ́fíìsì láàárọ̀, gbogbo wọn á dìde. Tó bá jókòó tán, wọn á ṣì wà ní ìdúró, kí àga lè kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n lára. Igbákejì rẹ̀, ọkùnrin kan tí ikùn rẹ̀ máa ń ṣáájú rẹ̀ wọlé, ló ń bójú tó ẹ̀rín. Ọ̀gá ò ní í tíì parí àwàdà tí Igbákejì á ti máa nu omijé. Lọ́jọ́ kan Ọ̀gá ní ara ìyá òun ò yá. Igbákejì ti rẹ́rìn-ín dé ìdajì kó tó rí i pé ẹkún ló kàn. Ó yí i padà láàárín ọ̀fun, kò sì dá a dúró. Ẹ̀bùn ni. Kì í ṣe gbogbo èèyàn ló ní in.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí Ọ̀gá Ẹ̀rí fẹ́ràn ju oúnjẹ lọ: “Ohun tí a kò bá rí, kò ṣẹlẹ̀.” Àwọn àgbà ti sọ ọ́ tipẹ́ pé ìpàkọ́ onípàkọ́ là ń rí, ẹni ẹlẹ́ni ní í bá ni rí tẹni. Àmọ́ kò sí àgbà kankan lára àwọn tó ń bá Ọ̀gá ṣiṣẹ́. Gbogbo àgbà ibẹ̀ ti fẹ̀yìn tì, tàbí kí wọ́n ti máa rẹ́rìn-ín.

Ọjọ́ tó gbé òfin rẹ̀ jáde, ó kó gbogbo tíṣà jọ sínú gbọ̀ngàn.

“Ẹ̀yin olùkọ́,” ó bẹ̀rẹ̀, ó sì dúró kí ohùn rẹ̀ lè lọ kan ògiri kó padà wá kí i. “Láyé àtijọ́, tíṣà á wọ kíláàsì, á pa ilẹ̀kùn dé. Kí ló ń ṣe níbẹ̀? Ta ló mọ̀? Ó lè máa kọ́ ọmọ. Ó lè máa sùn. Ó tiẹ̀ lè máa ronú! Láti òní lọ, ayé òkùnkùn ti parí. Ẹ̀kọ́ tí kò bá ní fọ́tò, kì í ṣe ẹ̀kọ́. Gbogbo ìgbà tí ẹ bá kọ́ ọmọ ní nǹkan, ẹ yà á, ẹ fi ránṣẹ́ sí mi. Èmi á sì wà ní gbogbo kíláàsì bí afẹ́fẹ́.”

“Bí oòrùn, sà!” ni Igbákejì ké.

“Bí oòrùn,” ni Ọ̀gá gbà. “Afẹ́fẹ́ ò ríran.”

Tíṣà kan nawọ́. “Sà, ṣé ká yà á ká tó kọ́ wọn ni, àbí lẹ́yìn tá a bá kọ́ wọn tán?”

“Ìgbà tí ìmọ̀ bá ń wọlé gan-an ni kí ẹ mú un.”

Wọ́n pàtẹ́wọ́. Ta ló fẹ́ dìde láàárín èrò pé òun ò tíì rí ìmọ̀ níbi tó ti ń wọlé rí?

Bí iṣẹ́ tíṣà ṣe yí padà nìyẹn. Tẹ́lẹ̀, ìwé á wà lábẹ́ apá tíṣà, ṣọ́ọ̀kì á wà lápò. Báyìí, fóònù ló ń gbé wọlé, pẹ̀lú igi tí wọ́n ń gbé fóònù lé, àti aṣọ ìnujú tí á fi nu imú ọmọ. Ibi tí oòrùn bá gbà wọlé ní í sọ ibi tí ẹ̀kọ́ máa dúró sí. Láti àárọ̀ ni wọ́n á ti máa to ọmọ: ẹni tó mọ́ tónítóní síwájú, ẹni tó ń húkọ́ sẹ́yìn. Kí wọ́n tó tò wọ́n tán, agogo oúnjẹ ti lù.

Tíṣà ìṣirò kan wà ní ilé-ìwé ẹ̀gbẹ́ ọjà. Láyé rẹ̀ àtijọ́, ó lè fi búrẹ́dì kan ṣoṣo kọ́ odindi kíláàsì bí wọ́n ṣe ń pín odidi sí ìdajì àti ìdá mẹ́rin, kí àwọn ọmọ sì jẹ ìdáhùn náà. Ó ya fọ́tò ẹ̀kọ́ búrẹ́dì yìí, ó fi ránṣẹ́. Wọ́n bá a wí: ẹnu gbogbo ọmọ ló kún. Láti ọjọ́ náà ló ti fi ìṣirò sílẹ̀, tó kọjú sí ìmọ́lẹ̀. Kò pẹ́ tí kò fi sí ẹni tó mọ ọmọ í yà bíi tiẹ̀. Tíṣà Fọ́tò ni wọ́n ń pè é, kíláàsì kìn-ín-ní tó ń mú sì di àwòkọ́ṣe fún gbogbo ìlú.

Nínú ọ́fíìsì Ọ̀gá Ẹ̀rí, tẹlifíṣọ̀n kan gba ògiri tán. Gbogbo kíláàsì ní ojú tirẹ̀ lórí rẹ̀. Ọ̀gá á jókòó, á máa mu tíì, á máa wo ìmọ̀ bó ṣe ń wọlé. “Ti ọ̀tún yẹn ò tíì lóye tó,” á ní. “Ẹ wo ètè rẹ̀.”

Lọ́jọ́ kan ó rí nǹkan tó bí i nínú. Àwọn ọmọ kíláàsì kìn-ín-ní ń rẹ́rìn-ín, ihò sì wà lẹ́nu gbogbo wọn.

“Kí ló ṣe wọ́n?”

“Eyín wọn ló ń yọ, sà,” ni Akọ̀wé wí. “Ọjọ́ orí wọn ni.”

“Ta ló fún wọn láṣẹ?”

Kò sẹ́ni tó fún wọn. Òfin jáde lọ́sàn-án ọjọ́ náà: kí ọmọ tí eyín iwájú rẹ̀ kò bá pé má ṣe lóye nǹkan níwájú mọ́, kó máa lóye lẹ́yìn.

Lẹ́yìn eyín, ó kan ìwé. Atẹ̀wé wá sọ pé ìwé kíkà tuntun á pẹ́ díẹ̀, nítorí inú rẹ̀ pọ̀.

“Inú rẹ̀?” ni Ọ̀gá béèrè. “Ṣé inú ìwé máa ń hàn nínú fọ́tò ni?”

Atẹ̀wé rò ó. “Rárá, sà. Èèpo rẹ̀ ló ń hàn.”

“Ó dáa. Tẹ ohun tó ń hàn.”

Bẹ́ẹ̀ ni ìwé tuntun ṣe dé. Èèpo rẹ̀ ń dán bíi bàtà, ọmọ kan ń rẹ́rìn-ín lórí rẹ̀, eyín ọmọ náà pé. Inú rẹ̀ funfun láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Igbákejì ní òun ò rí ìwé tó mọ́ tó bẹ́ẹ̀ rí.

Ẹ ó bi mí pé àwọn òbí ńkọ́. Inú wọn dùn. Fọ́tò ọmọ wọn rẹwà, wọ́n gbé e kọ́ sára ògiri. Ìyá kan ló fún ọmọ rẹ̀ ní ìgò oògùn pé kó bá òun ka bí wọ́n ṣe ní kí bàbá àgbà lò ó. Ọmọ náà gbé ìgò sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́, ó rẹ́rìn-ín. Ìyá rẹ̀ dúró. Ọmọ náà dúró. Bàbá àgbà ń húkọ́ ní tirẹ̀.

Gbogbo nǹkan ń lọ dáadáa, àfi ojú kan lórí tẹlifíṣọ̀n náà tó dúdú. Gbogbo kíláàsì ló ń rẹ́rìn-ín yí i ká. Òun dá dúdú láàárín wọn.

“Ta ló ni ihò yìí?” ni Ọ̀gá béèrè.

“Ìyá Ṣọ́ọ̀kì ni, sà,” ni Akọ̀wé dáhùn. “Ilé-ìwé kan náà ni òun àti Tíṣà Fọ́tò wà. Ògiri ló pín kíláàsì wọn. Kò fi fọ́tò ránṣẹ́ rí.”

“Ṣé kò ní fóònù ni?”

“Ó ní, sà. Ó fi ń pe àwọn ọmọ rẹ̀.”

Wọ́n ránṣẹ́ pè é. Obìnrin yìí ti ń kọ́ ọmọ kí Ọ̀gá Ẹ̀rí tó mọ bí wọ́n ṣe ń so táì. Ó wọlé, eruku ṣọ́ọ̀kì ṣì wà létí aṣọ rẹ̀.

“Ẹ káàárọ̀, sà.”

“Ìwọ lo ò kọ́ ọmọ látọjọ́ tí mo ti dépò yìí.” Bẹ́ẹ̀ ni, ìwọ ló pe àgbàlagbà. Kì í ṣe ẹjọ́ rẹ̀; àga ló ń sọ̀rọ̀.

“Mo ń kọ́ wọn, sà. Wọ́n ti ń kàwé.”

“Níbo?”

“Ní kíláàsì, sà.”

“Mi ò rí i.” Ó nàka sí ojú dúdú náà. “Òkùnkùn biribiri. Ṣé inú òkùnkùn lo ti ń kọ́ wọn?”

“Rárá, sà. A ní fèrèsé.”

“Ẹ̀rí dà?”

“Ẹ pe ọ̀kan nínú wọn, sà. Ẹ ní kó kàwé fún yín.”

Ọ̀gá rẹ́rìn-ín músẹ́. Igbákejì fi ẹ̀rín tirẹ̀ bò ó mọ́lẹ̀. “Màdáàmù, ọmọ kì í ṣe ẹ̀rí. Ọmọ máa ń dàgbà. Lọ́dún tó ń bọ̀ kò ní í jọ ara rẹ̀ mọ́. Fọ́tò kì í yí padà. Kí ló dé tó ò fi lè ya ẹyọ kan péré?”

“Sà, ọmọ tó bá ń kàwé kì í wuni wò. Á dojú bolẹ̀. Á yọ ahọ́n síta. Òmíràn á ti ìka bọ imú. Tí mo bá ní kó gbójú sókè kó rẹ́rìn-ín, ibi tó kà á dé á sọ nù mọ́ ọn lọ́wọ́, ó di ká tún padà síbẹ̀rẹ̀.”

Ọ̀gá Ẹ̀rí dìde, kí ọ̀rọ̀ tó fẹ́ sọ lè rí ibi jábọ́ sí. “Mínísítà ń bọ̀ wá wo iṣẹ́ mi. Gbogbo kíláàsì kìn-ín-ní á pé sí gbọ̀ngàn. Tí kíláàsì rẹ bá dúró báwọn tó kù ṣe dúró, tí wọ́n gbé ìwé sókè, tí wọ́n rẹ́rìn-ín, tíṣà ṣì ni ọ́. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, o ò níṣẹ́ mọ́. Tíṣà Fọ́tò á gba àwọn ọmọ rẹ mọ́ tirẹ̀.”

Ẹ̀rù àìríṣẹ́ṣe bà á, mi ò ní purọ́. Àmọ́ gbólóhùn tó kẹ́yìn yẹn ló gún un. Ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ ìwé í kà dà bí iná tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dá: bí ẹni tó ń fẹ́ ẹ bá yíjú díẹ̀, ó di èéfín.

Nígbà tó padà dé ilé-ìwé, Tíṣà Fọ́tò ń dúró dè é lẹ́nu ọ̀nà. “Àǹtí mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú sí mi. Èmi kọ́ ni mo ní kí wọ́n kó wọn fún mi.”

“Mi ò bínú. Ṣé o ṣì ń ra búrẹ́dì?”

Ó wolẹ̀. “Mò ń rà á, Àǹtí. Èmi nìkan ni mò ń jẹ ẹ́.”

Nílé, ọkọ Ìyá Ṣọ́ọ̀kì tó jẹ́ káfíńtà gbọ́ ọ̀rọ̀ náà tán, kò sì gbé ọwọ́ kúrò lórí igi tó ń fá.

“Ìyá àwọn ọmọ, eyín ni wọ́n ní kẹ́ ẹ fi hàn. Eyín lásán. Ẹ fi hàn wọ́n, kó o padà sẹ́nu iṣẹ́ rẹ.”

“Irọ́ ni, Bàbá àwọn ọmọ.”

“Ṣé èmi náà kì í fi ọ̀dà bo igi tí kòkòrò jẹ? Ta ló ti pa?”

“Àga tó o ṣe fún aládùúgbò wa ńkọ́?”

Ó fá igi díẹ̀ sí i. “Kò pa á. Ìdí ló fi lélẹ̀.”

Ìyàwó rẹ̀ rẹ́rìn-ín, láìfẹ́. Ìgbà tó máa fi sùn, ó ti gbà. Àwa tá a ti rìn jìnnà kì í dájọ́ ẹni tó tẹrí ba kí iṣẹ́ má bàa bọ́. Òwe ní kàkà kí eku má jẹ sèsé, á fi ṣe àwàdànù. Àmọ́ ọ̀gá ló ń ṣe bẹ́ẹ̀; tíṣà kì í fi ọmọ tó ń kọ́ ṣòfò.

Ọjọ́ náà pé. Igbákejì ló tún gbọ̀ngàn ṣe. Ó gbé bánà kan kọ́ sókè lẹ́yìn ibi tí Mínísítà máa dúró, ó fẹ̀ láti ògiri dé ògiri, òun fúnra rẹ̀ ló sì ronú ohun tí wọ́n kọ sí i. Ọ̀gá Ẹ̀rí wò ó, ojú rẹ̀ kún fún omi. Wọ́n ti gbé pẹ́ láàárín fọ́tò, àwọn méjèèjì ti gbàgbé pé àwọn kan ṣì máa ń ka nǹkan.

Mínísítà wọlé. Ẹ má rò pé ẹni ire ló dé. Òun náà wá ya ara rẹ̀ ni. Ìyàtọ̀ tó wà ni pé kámẹ́rà tirẹ̀ tuntun ju ti Ọ̀gá Ẹ̀rí lọ.

“Fídíò ni mò ń ṣe,” obìnrin náà kéde. “Ojú ẹsẹ̀ ló ń lọ sórí fóònù gbogbo èèyàn. Kí ọmọ kan bọ́ síwájú, kó kàwé sókè fún mi.”

“Sókè kẹ̀?” Ọ̀gá Ẹ̀rí tún táì rẹ̀ ṣe. “Mà, nínú ètò wa, ìwé kíkà jẹ́ ohun tó…”

“Ọmọ dà?”

Wọ́n ti ọmọ tó rẹwà jù ní kíláàsì Tíṣà Fọ́tò síwájú. Ọmọbìnrin náà gbé ìwé sígbá àyà, ó dojú kọ ìmọ́lẹ̀, ó rẹ́rìn-ín. Gbogbo eyín rẹ̀ pé.

“Ó ṣeun, ọmọ mi. Ó yá, kà á.”

Ọmọ náà la ẹnu díẹ̀ sí i.

“Mi ò gbọ́ nǹkan kan.”

“Wọn kì í gbọ́ ọ, mà,” ọmọ náà ṣàlàyé fún un jẹ́ẹ́jẹ́, kò sì jẹ́ kí ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu. “Wọ́n máa ń rí i ni.”

Ní ìlà kejì, Ìyá Ṣọ́ọ̀kì ti ṣe bí wọ́n ṣe ní kó ṣe. Ó ti sọ fún àwọn ọmọ rẹ̀ pé kí wọ́n gbé ìwé tuntun tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ pín fún wọn lẹ́nu ọ̀nà sókè kí wọ́n rẹ́rìn-ín. Àmọ́ àwọn ọmọ yẹn ò tíì gba ìwé lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni rí kí wọ́n má ṣí i. Ọmọkùnrin kékeré kan, tí eyín iwájú rẹ̀ méjèèjì ti lọ, ló kọ́kọ́ ṣí tiẹ̀.

“Àǹtí,” ó wí, gbogbo gbọ̀ngàn sì gbọ́, “wọ́n gbàgbé láti kọ ọ́.”

“Tèmi náà!” lẹnì kan ké.

“Tèmi funfun!”

“Ẹ wo ẹ̀yìn rẹ̀, bóyá ẹ̀yìn ni wọ́n kọ ọ́ sí!”

Ìwé ń ṣí kiri bí ìyẹ́ adìyẹ. Mínísítà gba ọ̀kan, ó yẹ̀ ẹ́ wò. Ọ̀gá Ẹ̀rí ti dé ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. “Ìgbàlódé ni, mà. A fi àyè sílẹ̀ kí ọmọ lè fojú inú kà á.” Igbákejì rẹ́rìn-ín. Òun nìkan ni.

Ẹ̀yin náà rò pé ibí yìí ni Ọ̀gá Ẹ̀rí ṣubú sí. Èmi náà ì bá fẹ́ bẹ́ẹ̀. Ìwé funfun ò ká Mínísítà láyà rárá. Ó dá a padà. “Ẹ wá nǹkan mìíràn fún un kó kà. Fídíò ń lọ.”

Wọ́n wá, wọ́n wá. Nínú gbọ̀ngàn ẹ̀kọ́ yẹn, wọn ò rí ohun kan tí wọ́n kọ nǹkan sí.

“Mo lè ka tẹ̀yìn yín, mà,” ni ọmọ aláìléyín náà wí.

“Ẹ̀yìn mi? Ó dáa. Kà á sókè, kí gbogbo èèyàn gbọ́.”

Ọmọ náà nàka sókè, ó yọ ahọ́n díẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀. “‘Ẹ wá wo… Ọ̀gá Àgbà… Bàbá Ẹ̀kọ́… Oòrùn tí kì í wọ̀… Ẹni tí àga…’” Ó dúró. Ọ̀rọ̀ tó kàn gùn. Ó yíjú wo tíṣà rẹ̀.

Ìyá Ṣọ́ọ̀kì ti kà á dé òpin. Ó ti rí ibi tó ń lọ. Ọ̀gá Ẹ̀rí náà ti rí i báyìí. Ó ń mi orí sí i, ó ń fi ìka sí ètè, ìwọ̀ǹba àga tó kù nínú rẹ̀ ń bẹ̀bẹ̀. Bí obìnrin náà bá dákẹ́, iṣẹ́ rẹ̀ dá a lójú. Bó bá sọ̀rọ̀, ta ló mọ̀? Ọmọ náà ṣì nàka sókè, ó ń dúró dè é.

“Pín in,” Ìyá Ṣọ́ọ̀kì wí. “Díẹ̀díẹ̀. Bá a ṣe máa ń ṣe é.”

“‘Mí… ní… sí… tà,’” ọmọ náà kà. Ojú rẹ̀ là. Ó pa gbogbo rẹ̀ pọ̀, ó sì fi ohùn gíga kà á lẹ́ẹ̀kan náà: “‘Ẹni tí àga Mínísítà ń dúró dè!’”

Mínísítà yíjú wo bánà náà.

“Tún un kà,” ni Mínísítà wí.

Ó tún un kà. Ó dùn mọ́ ọn. Gbogbo ìlà Ìyá Ṣọ́ọ̀kì bá a kà á. Fídíò ń lọ.

“Ta ló kọ́ ọ ní ìwé, ọmọ mi?”

“Àǹtí wa nìyẹn.”

Mínísítà wo Àǹtí wọn dáadáa, bí ẹni tó ń wo ibi tó máa fi ẹsẹ̀ lé. Lẹ́yìn náà ló yíjú sí Ọ̀gá Ẹ̀rí. “Ẹ kú ìdúró o. Ṣé kí n dìde fún yín báyìí ni, àbí kí n kọ́kọ́ mumi?”

“Mà, èmi kọ́… Igbákejì ló…”

Igbákejì ti kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ Mínísítà ló wà, ó sì ti rẹ́rìn-ín ọ̀rọ̀ náà tán kí obìnrin náà tó sọ ọ́.

Igbákejì ni wọ́n fi sórí àga náà. Òfin tirẹ̀ jáde ní wàràǹṣeṣà: “Ohun tí a kò bá gbọ́, kò ṣẹlẹ̀.” Fídíò olóhùn ló kù tí gbogbo tíṣà ń ṣe báyìí. Mínísítà mú Tíṣà Fọ́tò lọ pé kó máa bá òun gbé kámẹ́rà. Ẹnikẹ́ni ò fọwọ́ kan Ìyá Ṣọ́ọ̀kì. Gbogbo ayé ti rí kíláàsì rẹ̀ lórí fóònù, ẹ̀rù wá ń ba ọ́fíìsì láti yọ ọ́.

Ọ̀gá Ẹ̀rí ńkọ́? Ìjọba kì í jẹ́ kí èèyàn ṣòfò. Òfin ní kí ẹni tí wọ́n bá yọ lórí àga padà sẹ́nu iṣẹ́ tí wọ́n fi gbà á wọlé. Wọ́n wo ìwé rẹ̀. Tíṣà kíláàsì kìn-ín-ní ni. Kíláàsì Tíṣà Fọ́tò ò sì ní tíṣà mọ́.

Ó wọlé láàárọ̀ pẹ̀lú táì lọ́rùn. Àwọn ọmọ rí i. Láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni sọ nǹkan, àwọn tó mọ́ bọ́ síwájú, àwọn tó ń húkọ́ sún sẹ́yìn, wọ́n gbé ìwé sígbá àyà, wọ́n rẹ́rìn-ín.

“Ẹ káàárọ̀,” ó wí.

Wọ́n ń rẹ́rìn-ín.

“Ẹ jókòó.”

Wọ́n jókòó, ẹ̀rín ò kúrò. Ó kọ nǹkan sára bọ́ọ̀dù, ó pa á rẹ́. Ó tún un kọ. Ó yíjú padà: eyín, eyín, eyín. Kò rẹ́ni tó rẹ́rìn-ín fún un tó bẹ́ẹ̀ rí láyé rẹ̀, kò sì rí ibi tí yóò gbé ara rẹ̀ sí. Láti òdìkejì ògiri, ó ń gbọ́ àwọn ọmọ Ìyá Ṣọ́ọ̀kì tí wọ́n ń kọsẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ kan, tí wọ́n ń dìde, tí wọ́n tún ń bọ̀.

“Sà,” ni ọmọbìnrin tó wà níwájú wí láàárín eyín, “ẹ̀rẹ̀kẹ́ ń dùn wá. Ṣé ẹ ti yà á tán?”

Ó jáde. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà kejì títí, kó tó kan ilẹ̀kùn. Ìyá Ṣọ́ọ̀kì ṣí i díẹ̀.

“Ẹ jọ̀ọ́, mà,” ó wí. Ẹ ṣàkíyèsí pé ẹ̀yin ló ti ń pè é báyìí. Kò sí àga nítòsí. “Báwo lẹ ṣe máa ń bẹ̀rẹ̀?”

Obìnrin náà na ọrùn, ó wo inú kíláàsì òdìkejì, ó rí gbogbo ojú kéékèèké yẹn tí ẹnu wọn là gbagada.

“Ẹ kọ́kọ́ ní kí wọ́n panu dé,” ó wí. “Kí wọ́n sinmi díẹ̀. Mò ń bọ̀.”